Nítorí Ínhélà Tó Wà Nínú Dúrọ́ọ̀ Yàrá Rẹ

Williamsbridge, Bronx
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn tí mo ti ṣọ́ọ̀ṣì dé

Mojísọ́lá, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí ìyá ọkọ rẹ tó wà lọ́dọ̀ yín. Ṣé ilé tuntun yín ní Co-op City ti ń mọ́ yín lára? Ṣé àwọn ọmọ kéékèèké tí o ń kọ́ níbi iṣẹ́ tuntun rẹ kò tíì mú orí rẹ gbóná? Èmi wà láàyè. Ẹsẹ̀ nìkan ló ń dùn mí díẹ̀ nítorí àtẹ̀gùn ilé màmá arúgbó tí mo ń lọ tọ́jú. Ìkíni ti parí. Inú ń bí mi.

Mo mọ ohun tí o máa sọ. Wàá ní, "Mummy, ṣé ẹ ò lè call mi ni?" Mo ti pè ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́sẹ̀ yìí. Lẹ́ẹ̀kan o wà nínú ọkọ̀ ojú irin. Lẹ́ẹ̀kan o ń gé àlùbọ́sà. Ẹ̀ẹ̀mejì tó kù, o gbé fóònù sórí tábìlì, o ṣí ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kí gbogbo ilé lè gbọ́, mo sì ń gbọ́ ohùn ìyá ọkọ rẹ láti ẹ̀yìn: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá ìyàwó!" Ṣé irú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ ni kí n wá máa sọ sétí gbogbo ilé? Ìdí nìyí tí mo fi jókòó sídìí tábìlì ìdáná, tí mo mú bírò àti ìwé, kí n lè sọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ka gbogbo rẹ̀. Má fo ibì kankan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun lo pè mí, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ. O ní o lọ sí fámásì tó wà nísàlẹ̀ ilé yín láti gba abẹ́rẹ́ Kòfíìdì tọdún yìí, ìwọ àti ìyá ọkọ rẹ lẹ jọ lọ. O ní wọ́n fún màmá ní tiwọn lójú ẹsẹ̀ nítorí pé ọjọ́ orí wọn ti kọjá márùndínláàádọ́rin, àmọ́ wọ́n dá ìwọ padà. "Mummy, wọ́n ní mi ò eligible o! Mo ti young jù, mo tún healthy jù!" Ò ń rẹ́rìn-ín. Ìyá ọkọ rẹ náà ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ, wọ́n ń sọ pé, "Ìyàwó wa le bí òkúta, ògo ni fún Ọlọ́run."

Mojí, ara ta ló le bí òkúta? Ìwọ tí o ti ní ásímà láti ọmọ ọdún mẹ́ta? Ìwọ tí mo gbé sáré lọ sílé ìwòsàn títí tí àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ fi mọ orúkọ rẹ, tí wọ́n fi mọ irú bísíkíìtì tí o fẹ́ràn? Lọ́dún yìí, kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni wọ́n ń fún ní abẹ́rẹ́ náà mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ti dàgbà, tàbí ẹni tó ní àìsàn kan lára, ni wọ́n ń wò. Wọ́n á fún ọ ní fọ́ọ̀mù, wọ́n á to àwọn àìsàn náà síbẹ̀, wọ́n á ní kí o fi àmì sí èyí tó bá kàn ọ́. Ásímà wà níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ nítorí èmi náà ti rí fọ́ọ̀mù yẹn. Ìwọ náà rí i, o wo ojú ìyá ọkọ rẹ tó dúró tì ọ́, o sì fi àmì sí ibi tí wọ́n kọ "kò sí" sí.

Mo bínú débi pé mi ò lè jẹun. Mo ní kí n fi iṣẹ́ gbàgbé ìbínú, mo wọ yàrá rẹ àtijọ́ lọ láti to àwọn aṣọ tí o fi sílẹ̀. Lábẹ́ ìbọ̀sẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀, kí ni mo rí? Ínhélà rẹ, oògùn tí o máa ń fà sẹ́nu tí àyà bá fún ọ. Kì í ṣe ti àtijọ́ o. Ìwé tí fámásì lẹ̀ mọ́ ọn ṣì mọ́ fínnífínní, orúkọ ọkọ rẹ ló sì wà lẹ́yìn orúkọ rẹ. Ìyẹn ni pé lẹ́yìn ìgbéyàwó lo gbà á. O lọ gba oògùn tuntun, o gbé e wọ bọ́ọ̀sì, o wá fi í pamọ́ sílé ìyá rẹ.

Ó wá yé mi. Gbogbo Sátidé tí o ń wá, tí mo ń sọ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì pé ọmọ mi fẹ́ràn mi, pé kò lè ṣe ọ̀sẹ̀ kan kó má fojú kàn mí! Wàá wọlé, wàá kúnlẹ̀ kí mi, lẹ́yìn náà wàá ní, "Mummy, ẹ jẹ́ n lọ wo room mi," wàá sì ti ilẹ̀kùn. Mo rò pé àárò ilé ló ń sọ ọ́. Àṣé èémí lo ń wá gbà. Mojísọ́lá, tí àyà bá fún ọ lọ́jọ́ Mọ́ńdè ńkọ́? Ṣé wàá dúró de bọ́ọ̀sì láti Co-op City wá sí Williamsbridge ni? Àbí wàá sọ fún àyà rẹ pé kó ní sùúrù di Sátidé? Mo bú ọ. Nígbà tí mo ń lọ síbi iṣẹ́, láti ẹnu ọ̀nà ilé títí dé ibùdókọ̀ ni mo ń bú ọ nínú ọkàn mi, mo bú ọ títí ọ̀rọ̀ fi tán.

Ìgbà tí mo dé ibùdókọ̀ ni mo rántí pé èmi ni mo kọ́ ọ.

Ó ṣeé ṣe kí o má rántí. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni ọ́. Ọjọ́ ìdúpẹ́ àwọn ọmọdé ni, mo rán aṣọ funfun fún ọ, wọ́n ní kí o ka Sáàmù kan láìwo ìwé, ní Yorùbá, níwájú gbogbo ìjọ. O bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Àwọn àgbàlagbà ń pàtẹ́wọ́ pé ọmọ tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà ń sọ Yorùbá. Láàárín kan, àyà rẹ bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Mo sáré dìde lórí ìjókòó mi, mo gbé ọ, mo gba ẹ̀yìn lọ sí ilé ìtọ̀, mo ti ilẹ̀kùn. Mo fa ínhélà yọ láti ìsàlẹ̀ báàgì mi, ibi tí mo máa ń fi aṣọ ìnujú wé e sí. Nígbà tí èémí rẹ balẹ̀, mo nu ojú rẹ, mo wá sọ fún ọ pé, "Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí nǹkan yìí lọ́wọ́ rẹ láé. Tí wọ́n bá bi ọ́, sọ pé ẹ̀pà ló há ọ lọ́fun. Ṣé o gbọ́?"

Sister Fúnmi ló dúró lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí a jáde. Ó ní, "Mummy Mojí, kí ló ṣe ọmọ?" Kí n tó lanu, ìwọ ti dáhùn: "Ẹ̀pà ni, ma." O kò fi ẹ̀pà kan ẹnu lọ́jọ́ náà. Kí n má parọ́ fún ọ, inú mi dùn. Mo ní ọmọ mi gbọ́n.

Ẹ̀rù ló ń bà mí. A pẹ́ ká tó bí ọ, ìwọ nìkan náà la sì bí. Mo ń bẹ̀rù pé wọ́n á máa pè ọ́ ní ọmọ aláìsàn, pé tó bá di ọjọ́ tí ẹnìkan fẹ́ fẹ́ ọ, ẹnìkan á rántí ilé ìtọ̀ ọjọ́ yẹn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, o mọ̀ wá nínú ìjọ wa, a kì í fi ẹnu ara wa pe àìsàn ní tiwa. "Mi ò gbà á" la máa ń wí. "Kì í ṣe ìpín mi." Mo rò pé tí mi ò bá dárúkọ rẹ̀, kò ní rí ibi jókòó sí. Ọdún mọ́kànlélógún rèé, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn títì lo ṣì ti ń fa oògùn tó yẹ kó wà lápò rẹ.

Nítorí náà, gbọ́ èyí àkọ́kọ́. Tí ẹni tó ń tọ́jú ara bá bi ọ́ ní ohun tó ń ṣe ọ́, ohun tó wà lára rẹ ni kí o sọ fún un. Mo gbà pé àdúrà ń ṣiṣẹ́, ìwọ náà mọ bí mo ṣe ń gbà á. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run kọ́ ló gbé fọ́ọ̀mù yẹn fún ọ. Ọmọbìnrin kan tó fẹ́ mọ̀ bóyá abẹ́rẹ́ náà tọ́ sí ọ ló gbé e fún ọ. Dá a lóhùn tán, kí o wá lọ gba àdúrà rẹ nílé.

Èkejì, má tún jẹ́ kí n gbọ́ ohun tí o sọ lórí fóònù yẹn lẹ́nu rẹ mọ́. O ní, "Mummy, it's just like a cold now. Everybody's had it." Ta ni everybody? Lóòótọ́, àìsàn náà kò rí bó ṣe rí nígbà tó kọ́kọ́ dé, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sì ń bọ́ nínú rẹ̀ láìsí wàhálà. Àmọ́ ẹ̀yà tuntun mìíràn tún ti ń kiri. Kì í dúró bákan náà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tún abẹ́rẹ́ rẹ̀ ṣe. Mo rí i níbi iṣẹ́ mi. Ó mú ọmọ màmá tí mo ń tọ́jú, obìnrin tó lágbára tó máa ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́. Ọ̀fun dùn ún débi pé omi kò fẹ́ lọ, ó jókòó sórí àga bí ẹni tí wọ́n nà. Obìnrin yẹn kò ní ásímà o. Ìwọ lo ní in, ìwọ náà sì ni gbogbo kíláàsì ọmọ ọdún mẹ́rin ń sín sí lójú láràárọ̀. Tí wọ́n bá sín, o máa ń fi ọwọ́ ara rẹ nu imú wọn. Mo mọ̀ ọ́.

Jẹ́ kí n pa ọ́ lẹ́rìn-ín díẹ̀ kí n tó dé ibi tó le. Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ìpè rẹ, èmi náà lọ sí fámásì ìtòsí wa níbí. Obìnrin tó wà ní kọ́ńtà bi mí ní ọjọ́ ìbí mi, mo sọ èyí tó wà nínú páásípọ́ọ̀tù. Ó wo kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ní, "Sorry, ma'am, you're only sixty-one." Only! Ìwọ mọ̀ pé ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni mo wà. Nígbà tí mo parí ilé ìwé ní Ìbàdàn, àbúrò bàbá mi ló mú mi lọ sí kóòtù, ó búra pé ọdún márùn-ún lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n bí mi gan-an ni wọ́n bí mi, kí wọ́n má baà ní mo ti dàgbà jù fún ilé ẹ̀kọ́ àwọn tíṣà. Gbogbo ẹgbẹ́ wa ló ń ṣe é nígbà náà. Inú mi dùn, mo ń jó nílé, mo rò pé wọ́n fi ọdún márùn-ún ta mí lọ́rẹ ni. Ọ̀rẹ́ mi ti fẹ̀yìn tì, èmi ṣì ń gun àtẹ̀gùn alátẹ̀gùn. Ó wá tún kan ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́. Nítorí náà, má kọ irọ́ sílẹ̀ nínú ìwé ìjọba kankan, bó ti wù kó dà bí ohun kékeré tó, nítorí o ò mọ ọjọ́ tí o máa nílò òótọ́ rẹ̀.

Obìnrin náà kò lé mi o. Ó ní, "Do you have any medical condition? If you do, I can give it to you right now." Mo ní, "God forbid. Nothing." Mo gbé báàgì mi, mo lọ sílé. Bẹ́ẹ̀ sì ni mo ní ìtọ̀ ṣúgà. Má pariwo. Ó ti tó ọdún mẹ́rin. Oògùn tó wà lórí fíríìjì, tí mo sọ fún ọ pé fítámìn ni, òun ni.

Lẹ́yìn tí mo rí ínhélà rẹ, mo padà síbẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Ta ló tò sẹ́yìn mi? Sister Fúnmi. Òun náà ni mo parọ́ ẹ̀pà fún, òun ló sì wá di olórí ẹgbẹ́ aládùúrà wa báyìí. Ó kí mi, mo kí i. Ẹsẹ̀ mi fẹ́ yí padà. Obìnrin kọ́ńtà tún bi mí ní ìbéèrè kan náà, mo sì ní, "I have diabetes." Mo fẹ́ sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ ni o, àmọ́ ó jáde bí ẹni ń kéde nínú ìjọ. Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́, wọ́n ní kí n jókòó díẹ̀ kí wọ́n rí i pé ara mi dá. Mo jókòó, mo ń wo ilẹ̀. Kò pẹ́ púpọ̀, Sister Fúnmi wá jókòó tì mí, òun náà di apá rẹ̀ mú.

Ó ní, "Mummy Mojí, èmi náà ní in o. It's nine years now."

Mo ní, "Háà! Sister! Ọdún mẹ́sàn-án, ẹ wá ń bá wa jẹ kéèkì ní gbogbo birthday?"

Ó ní, "Ṣé kí n wá ní mi ò jẹ ni? Kí ẹ bi mí pé kí ló dé?"

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa, àwọn tó wà nínú fámásì ń wò wá. Ó ní òun ti kọ́kọ́ fi àmì sí "kò sí" lórí fọ́ọ̀mù tirẹ̀, ìgbà tí òun gbọ́ ohùn mi lòun pa á rẹ́.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ti parí. Mo fẹ́ sọ ohun kan fún ọ báyìí tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Tí o bá wà lórí ìdúró, jókòó.

O mọ̀ pé ìgbà tí àìsàn yìí kọ́kọ́ dé ni Dádì rẹ lọ. Ìwọ wà nílé ìwé ní ìlú mìíràn, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má rìnrìn àjò, nítorí náà o kò sí níbẹ̀. Mo sọ fún ọ pé áńbúláǹsì wá gbé wọn. Mi ò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó gbé wọn.

Ọ̀sán ni. Dádì rẹ jókòó sórí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, èémí wọn ń lọ sókè sódò, wọn ò lè sọ̀rọ̀. Ọkùnrin kan àti obìnrin kan wọlé, wọ́n bora láti orí dé ẹsẹ̀. Obìnrin náà bi mí pé, "Ma'am, any medical problems? High blood pressure? Any medications?" Mo dá a lóhùn kíá: "No. Nothing. He is a strong man, by the grace of God."

Mojí, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wà nínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀gbẹ́ ibùsùn wa. Ọdún keje tí Dádì rẹ ń lò ó nìyẹn. Èmi ni mo máa ń gbé e fún wọn pẹ̀lú omi láràárọ̀ kí wọ́n tó lọ wa táksì. Kì í ṣe pé mo gbàgbé. "Kò sí" ló ti mọ́ mi lẹ́nu, òun ló sì kọ́kọ́ jáde. Dádì rẹ gbọ́ ohun tí mo sọ. Wọ́n wò mí, wọ́n gbé ọwọ́ kan sókè, wọ́n nà án sí ọ̀nà yàrá. Mo mọ ohun tí wọ́n ń nawọ́ sí. Mo di ọwọ́ náà mú, mo rọra gbé e padà sórí itan wọn, mo ní, "Ẹ fara balẹ̀, Dádì Mojí. Ọlọ́run wà." Àwọn méjèèjì yẹn gbé wọn lọ, wọn ò sì jẹ́ kí n tẹ̀ lé wọn. Mi ò rí Dádì rẹ láàyè mọ́.

Mo ti bi nọ́ọ̀sì kan léèrè lẹ́yìn náà, mo ṣe é bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni. Ó ní irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ lè má yí nǹkan kan padà, pé ẹ̀rọ àwọn dókítà á ti fi ẹ̀jẹ̀ ríru náà hàn tí aláìsàn bá ti dé ilé ìwòsàn. Mo gbà á gbọ́. Síbẹ̀, nígbà tí mo bá ń fọ abọ́, nígbà tí mo bá ń wọ ẹ̀wù fún màmá arúgbó yẹn, mo máa ń rántí ọwọ́ tí mo gbé padà. Nígbà tí ò ń rẹ́rìn-ín lórí fóònù lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ohùn ara mi ni mo ń gbọ́ lẹ́nu rẹ. Ẹ̀rù bà mí gidigidi. Ìbínú tí mo ti ń bínú láti ọjọ́ náà, ẹ̀rù ni púpọ̀ nínú rẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí o sọ ti ásímà rẹ fún Káyọ̀dé, ọkọ rẹ. Ẹ jọ ń jẹ, ẹ jọ ń sùn, kò sì mọ̀. Tí àyà bá fún ọ nínú ilé yẹn, tí o kò lè sọ̀rọ̀, tí wọ́n bá bi í pé kí ló ń ṣe ìyàwó rẹ̀, kí ló fẹ́ sọ? Á ní kò sí nǹkan kan. Á ní ìyàwó òun le bí òkúta. Èmi mọ̀ pé irọ́ ni mo ń pa lọ́jọ́ tèmi. Ọkọ rẹ á pa tirẹ̀ láìmọ̀, òun ló sì máa gbé e káàkiri lẹ́yìn náà bí mo ṣe ń gbé tèmi.

O máa ní á bínú. Bẹ́ẹ̀ ni, á bínú, ó sì tọ́ kó bínú. Jẹ́ kó bínú. Mo wo ọmọkùnrin yẹn dáadáa kí n tó gbà kó fẹ́ ọ. Ọjọ́ tí ẹlifétọ̀ ilé yín kọṣẹ́, òun ló gbé àpò ìrẹsì mi gun òkè, kò sì yéé bi mí léèrè nípa ẹsẹ̀ mi títí a fi débẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní torí ásímà kọ̀ ọ́. Ohun tó máa dùn ún ni pé o fi í pa mọ́ fún un. Bí o bá ṣe ń pẹ́ tó ni yóò ṣe máa dùn ún tó, nítorí náà má wulẹ̀ dúró de ọjọ́ tí ara rẹ̀ bá balẹ̀.

Ìyá ọkọ rẹ ńkọ́? Mo mọ̀ pé àwọn gan-an lò ń bẹ̀rù. Ó dá mi lójú pé àwọn náà ní oògùn kan tí wọ́n dì sínú aṣọ gbé wá láti Ìbàdàn, tí wọ́n ń lò nígbà tí ẹ bá ti lọ síbi iṣẹ́. Tí wọ́n bá sì fẹ́ sọ̀rọ̀ burúkú, kí wọ́n pè mí. Mi ò ní gbé fóònù sórí tábìlì.

Mo ti ń ka ìmọ̀ràn yìí bọ̀, mi ò mọ iye tí mo kà dé mọ́. Ínhélà rẹ kò gbọ́dọ̀ jìnnà sí ọ mọ́, ilé ni o, ibi iṣẹ́ ni o. Má fà á lẹ́yìn ilẹ̀kùn títì mọ́, fà á nínú pálọ̀ níwájú tẹlifíṣọ̀n. Sọ fún ọ̀gá rẹ níléèwé pẹ̀lú. Tí ikọ́ bá mú ọ, ṣe àyẹ̀wò, má ní ó máa lọ fúnra rẹ̀. Tí Ọlọ́run bá sì fún yín lọ́mọ, tí àyà rẹ̀ bá ń súfèé bíi tìrẹ, jọ̀wọ́, má kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ ẹ̀pà.

Mo sì fẹ́ bẹ̀ ọ́. Kò rọrùn fún mi láti kọ ọ́, mo ti dìde lọ sebẹ̀ kí n tó padà wá síbí. Èmi ni mo ti ilẹ̀kùn ilé ìtọ̀ yẹn mọ́ ọ, ọmọ mi. Má bínú sí mi.

Sátidé tó ń bọ̀, má wá sọ́dọ̀ mi. Èmi ni mo ń bọ̀. Ní aago mẹ́wàá àárọ̀, mo máa wà nínú fámásì ìsàlẹ̀ ilé yín. Mi ò ní bá ọ dé kọ́ńtà, o kì í ṣe ọmọdé. Mo máa jókòó sórí àga tí wọ́n máa ń ní kí ènìyàn jókòó sí lẹ́yìn abẹ́rẹ́, mo sì máa gbé báàgì mi sórí àga kejì kí ẹnikẹ́ni má gbà á mọ́ ọ lọ́wọ́.

Ínhélà rẹ ló wà nínú àpò ìwé yìí. Má gbé e padà wá. Mo ti kó aṣọ ìbora mi sínú dúrọ́ọ̀ yẹn, kò sí àyè mọ́.

Ó ku ohun kan. O máa ní kí ló dé tí mi ò fi Òyìnbó kọ ọ́, nígbà tí mo mọ̀ pé Yorùbá kíkà máa ń fún ọ ní wàhálà. Mo mọ̀. Èmi ni mo fi Bíbélì kọ́ ọ, mo mọ ibi tí agbára rẹ mọ. Wàá ka ojú ewé àkọ́kọ́ fúnra rẹ, tó bá di ìkejì wàá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìwé tọ ọkọ rẹ lọ: "Kay, what's this word?" Ọmọ Ìbàdàn ni, kò sí ọ̀rọ̀ kan níhìn-ín tí kò lè kà. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Mi ò sọ fún un, mi ò sì ní sọ fún un, nítorí ẹnu rẹ ló yẹ kó ti gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n tí ẹnu rẹ bá kọ̀ tí kò ṣí, Àbẹ̀kẹ́ mi, gbé ìwé yìí lé e lọ́wọ́, jókòó tì í, kí o jẹ́ kó kà á sókè láti ìbẹ̀rẹ̀.

Èmi ni,
Ìyá rẹ, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin, tó ní ìtọ̀ ṣúgà.